Nọ́ọ̀sì Tí Kì Í Bú Èèyàn

Kí nọ́ọ̀sì àgbà tí mo bá ṣiṣẹ́ l'Ádó-Èkìtì nígbà ìjọba ológun tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya kan wá láti Ìgèdè. Ọwọ́ ìyàwó wú, ìka rẹ̀ sì ti kú, kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Ọkọ ní níbi eré ìfẹ́ àwọn lòun ti fi okùn ọ̀rá dè é. Ìyàwó ní àwọn jọ fẹ́ ẹ ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà mí kanlẹ̀. "Aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé àlùmọ́gàjí sítòsí. Bó bá ti ní ó tó, ẹ tú u kíá."

Ọkọ bi í pé, "Ẹ ò bú wa, Mà?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tí mo bú lọ́jọ́sí lórí irú èyí kò padà wá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tún wú. Ilé ló jókòó sí títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ."