Dàbínù Inú Itọ́

Títí di òní, bí mo bá rántí ètè ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, èébì a máa gbé mi.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi ni, ní Kambolé, ìlú ọkọ mi ní Togo. Ó pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ náà. Láti Kouloundè, ní Sokodé tí a ń gbé, la ti gbé e wá. Mọ́tò kan gbé wa dé Tchamba, òmíràn gbé wa dé ilé.

Nílé ọkọ mi, bàbá yìí ló máa ń rún dàbínù fún ọmọ tuntun. Á rún un títí á fi rọ̀ múlọ́múlọ́, á fi ìka bu díẹ̀, á fi pa òkè ẹnu ọmọ, á sì ṣe àdúà. Súnà ni, mi ò bá a jà. Ètè bàbá ni mo ń bá jà.

Ròrò ti lé yí igun ẹnu rẹ̀ ká. Àwọn kan ti bẹ́, omi ara wọn sì ń dà pọ̀ mọ́ itọ́ aládùn tó ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀. Eṣinṣin bà á, ó fi ìka lé e, ìka tó fẹ́ kì bọ ọmọ mi lẹ́nu náà ni. Ìyàwó rẹ̀, tó gbé ọmọ mi sórí ẹsẹ̀, ní ibà ló ń gba ẹnu bàbá jáde. Ẹ̀gbin gbáà.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.”

Ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ lísé, ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo mọ ohun tó wà nínú omi yẹn. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ojú kò rí ni, ọ̀rá ló fi ṣe awọ, àwọn purotéènì sì yọ síta lára awọ náà. Purotéènì kan á kọ́kọ́ di sẹ́ẹ̀lì ara wa mú, á sì jí àwọn yòókù. Ọ̀kan nínú wọn á ki orí bọ awọ sẹ́ẹ̀lì náà, á ká kò, á fà á mọ́ awọ tirẹ̀ títí méjèèjì á fi di ẹyọ kan, bí ẹ̀kán epo méjì ṣe ń pàdé lójú ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò náà máa gbà wọlé. Ìyẹn ló ń rí mi lára jù, pé awọ tèmi á di awọ tirẹ̀.

Mo là á yé wọn. Ìyàwó bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa, dàbínù ẹnu bàbá yìí ni wọ́n fi pa ọkọ rẹ náà lẹ́nu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Mo ní bó bá fẹ́ wọ́, kó wọ́, kó ṣáà wà láàyè. Ọkọ mi ń ṣẹ́jú sí mi, mi ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bàbá kò bínú. Ó ní, “Ọmọ tó bá kó o, báwo ló ṣe máa ń ṣe é?”

Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Mo ní ara ọmọ á gbóná, kò ní mu ọyàn mọ́, gìrì á mú un, kò sì ní pẹ́ rárá tó fi máa kú.

Bàbá tu dàbínù sí àtẹ́lẹwọ́. Itọ́ rẹ̀ fà yọ̀ọ̀, mo gbójú kúrò.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọ́bí wa ṣe. Èmi ni mo rún dàbínù rẹ̀.”

Mo sáré sọ pé ibà lè ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀, àìsàn mìíràn náà lè ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí bàbá, ó ní, “Ètè yín lé ròrò lọ́jọ́ yẹn.”

Ó gbé ọmọ mi lé mi lọ́wọ́, ó dìde, ó sì wọlé lọ.