Agbábọ́ọ̀lù tó bá wa gba bàbá mi sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá

Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Sango, mo rí ọkùnrin tó gba bàbá mi sílẹ̀ látìmọ́lé.

Nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tó mú kí nǹkan wọ́n gógó láyé ológun, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀tà. Agbábọ́ọ̀lù ńlá ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn olè ká a mọ́lé, ó yìnbọn, ọta sì ba ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Kò tíì pé oṣù kan tí olè fi wọ ilé tiwa ní Itele. Bàbá mi, káfíńtà láti Ọ̀yọ́, yin ìbọn ọdẹ rẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ẹsẹ̀ náà ni ọta ti ba olè. Ọjọ́ mọ́kànlá ni àwọn ọlọ́pàá fi ti bàbá mi mọ́lé.

Màmá mi lọ bá agbábọ́ọ̀lù náà, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ wá rí. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní, "Ọ̀gá, ohun tí mo ṣe náà ni bàbá yìí ṣe. Tí ẹ ò bá tú u sílẹ̀, ẹ ti èmi náà mọ́lé."

Ilé ni bàbá mi sùn lọ́jọ́ náà.

Mo kúnlẹ̀ kí agbábọ́ọ̀lù náà lónìí, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un.

Ó ní, "Ọmọ mi, ojú ló ń tì mí nígbà yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ọlọ́pàá bi mí lẹ́yìn tí mo yìnbọn: ṣé mo máa gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé?"

Ọpẹ́ ló kún inú mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí i: ká ní kì í ṣe gbajúmọ̀ ló tẹ̀ lé màmá mi lọ ńkọ́?