Obìnrin Tó Wó Ilé Bàbá Rẹ̀ Nítorí Omi

Ìyá Gọ́tà ni gbogbo ìlú ń pè é, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe èébú. Òun ni olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó gọ́tà àti àgbàrá òjò ní kánsù wa. Ẹni tó bá rí i nínú bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, tó lóṣòó sẹ́bàá gọ́tà bí ẹni tí òrùka rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀, á mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ ẹ̀ka náà. Lẹ́nu iṣẹ́, "Mà" ni mò ń pè é, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni wá, ojú ẹgbẹ́ ni mo sì fi ń ròyìn rẹ̀ yìí.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá jọ wà nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn á máa wo ilé, á máa wo aṣọ lára èèyàn; òun, ilẹ̀ ló ń wò. "Dúró díẹ̀," á ní. Á sọ̀ kalẹ̀, á fi igi tọ ihò kan lábẹ́ títì, á fa ọ̀rá jáde níbẹ̀, á tún padà wọlé. "Ó yá." Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, aláwàdà èèyàn. Ó máa ń sọ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, pé ìyàwó òun kò wo ojú òun títí wọ́n fi ṣe tán, pé ibi tí omi ń gbà lọ ló ń wò.

Ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n bí i sí, lórí àkùrọ̀ tó wà létí odò. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi mọ ilé tí wọ́n gbé dàgbà. Omi kì í yẹ̀ nílé náà lọ́dọọdún. Wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n á kó ìkòkò lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á máa retí kí omi lọ. Àbàwọ́n rẹ̀ wà lára ògiri, ọ̀kan lórí ìkejì, bí ìlà tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tó ń dàgbà. Nígbà tí bàbá kú tí ìyá náà sì tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jókòó sílé náà. Télọ̀ ni. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣínnì ìránṣọ yẹn ni àbúrò rẹ̀ fi kàwé jáde, kò sì sí ọjọ́ kan tí Ìyá Gọ́tà gbàgbé.

Ọdún burúkú kan wá dé. Òjò rọ̀ lókè odò lọ́hùn-ún fún ọjọ́ gbọọrọ, odò sì jáde láàárọ̀ kí àwọn èèyàn tó jí tán. Orí òrùlé ni télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ gùn sí títí ọkọ̀ ojú omi fi wá gbé wọn. Ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, bàbá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá omi lọ pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá Gọ́tà ló gbé òkú ọmọ náà jáde. Mo rí i tó ń bọ̀ nínú omi tó mu ún dé ìbàdí, tó fi ìborí ara rẹ̀ bo ọmọ náà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Látọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ gọ́tà mọ́. Ó lọ dúró níwájú alága kánsù, ó ní: "Kò sí gọ́tà tó lè gba odò. Ibùsùn odò ni àkùrọ̀ yẹn, àwa la lọ tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dìde fún un."

Ó jà á títí wọ́n fi gbà. Wọ́n kọ́ ilé sórí òkè fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò wó àwọn ilé àkùrọ̀, àwọn yóò gbẹ́ adágún síbẹ̀, kí koríko àti igi gba ibi tó kù, kí omi lè ríbi jókòó sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn kiri láti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ṣépè fún un. Obìnrin kan da omi ìfọbọ́ sí i lára. Ó nu ojú, ó ní, "Ó ṣe, omi àwo nìyí, kì í ṣe omi odò," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ, títí ó fi ku ilé télọ̀.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ bá a.

"Ẹ káàsán, bọ̀dá mi."

Télọ̀ kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. "Ta ló kí mi? Ṣé àbúrò mi ni àbí kánsù?"

"Àwa méjèèjì la wá."

"Kí kánsù dúró síta. Kí àbúrò mi wọlé."

Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Télọ̀ ní, "Yàrá tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn ni ìyá wa kú sí."

"Mo mọ̀, bọ̀dá mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú."

"O wá fẹ́ wó o."

"Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ọmọ tí mo gbé lọ́jọ́sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá mi láyà títí mo fi dé òkè. Mi ò fẹ́ gbé yín bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ní kí o gbé mi?"

"Tí mo bá yọ ilé yín sílẹ̀, kí ni kí n sọ fún àwọn tó ti kó lọ?"

"Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló rán ẹ níléèwé."

Télọ̀ fi eyín já òwú, ó ká aṣọ náà lé itan. Ohùn rẹ̀ kò le rárá nígbà tó sọ èyí tó kù: "Ṣe ohun tí iṣẹ́ ẹ bá ní kí o ṣe. Àmọ́ lọ́jọ́ tí katapílà bá fọwọ́ kan ògiri bàbá wa, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n wó o, a rò pé Ìyá Gọ́tà yóò rán igbá kejì rẹ̀ lọ. Kò rán ẹnì kan. Ó dúró síbi tí ẹni tó ń wa katapílà ti lè rí i dáadáa, nígbà tí ọkùnrin náà sì ń wò ó tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mi orí sí i pé kó bẹ̀rẹ̀. Ògiri náà wó wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti ń wá ibi sùn tipẹ́. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Ó yá," bó ṣe máa ń wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi di bẹ́líìtì àyà rẹ̀ mú títí a fi dé kánsù.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fún télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, yàrá tó mọ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Àwọn oníbàárà kò bá a gun àtẹ̀gùn débẹ̀. Ìyá Gọ́tà a máa lọ kí i lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàwó á ṣílẹ̀kùn. Bí àbúrò rẹ̀ bá sì ti lanu báyìí, télọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ máṣínnì, kò sí aṣọ lórí rẹ̀, kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́, ariwo lásán tí yóò fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa ń jókòó níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, á dìde, á ní òun ń lọ.

Òjò tó wá rọ̀ lẹ́yìn náà ju ti ọdún burúkú yẹn lọ. Odò jáde, ó tẹ́jú lórí koríko, ó kún àwọn adágún, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ti ń retí. Kò wọ ilé ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn ará ìlú sùn, wọ́n jí, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó télọ̀ wá bá wa ní ọ́fíìsì. "Ó ní kí ẹ wá gbé òun lọ wo omi."

Mo gbé télọ̀ àti àbúrò rẹ̀ lọ sórí afárá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ làwọn méjèèjì jókòó sí. Télọ̀ ti gbẹ, ikọ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fọwọ́ ti irin afárá, ó ń wá ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀ láàárín omi pupa tó tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ.

"Ibẹ̀ yẹn ni," ó ní nígbà tó yá. "Omi ì bá ti bo òrùlé."

"Ì bá ti bò ó, sà." Sà ló pè é, nítorí télọ̀ ti gba orúkọ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"À bá ti kú. Èmi àti ìyàwó mi."

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìjà yóò parí sí. Télọ̀ hukọ́ títí, ó nu ẹnu. "Mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Láti ọjọ́ tí o ti wá jókòó sórí àpótí yẹn ni mo ti mọ̀. Àmọ́ èèyàn ò lè sùn nínú òótọ́. Ilé lèèyàn ń sùn sí." Ó yíjú sí mi. "Dírẹ́bà, gbé mi padà."

Kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ni ó kú. Wọn kò ránṣẹ́ pe Ìyá Gọ́tà títí wọ́n fi sin ín tán; télọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé nínú gbogbo kánsù, tiwa ló mọ omi tọ́jú jù lọ. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn. Fáànù ń yí, ó ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́. Wọ́n fi àwòrán omi tó sùn lórí koríko hàn lára ògiri, ó sì lẹ́wà, ká má parọ́. Alága sọ̀rọ̀ pẹ́. "Àwa, àwa" ló ń sọ. Nígbà tó kan Ìyá Gọ́tà, ó gba àwo dídán tí wọ́n fi dá a lọ́lá, ó gbé e mọ́ra, ó ní: "Iṣẹ́ náà dára. Ẹ ṣeun. Àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀ ló ṣe é, n kò sì rí i pé a pè wọ́n síbí." Àwọn èèyàn kò mọ̀ bóyá kí àwọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

Ìyàwó télọ̀ wà lẹ́yìn, ó dúró ti ògiri. Ìta ló ti bá wa.

"Mo wá wo ojú yín ni," ó ní, "bí wọ́n ṣe ń fún yín."

"Kí lẹ rí, ìyàwó wa?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Ojú yín gbẹ ni." Ó tún ìdí aṣọ rẹ̀ ṣe. "Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ó máa ń dá máṣínnì dúró. Á ní kí n yọjú lójú fèrèsé, bóyá ẹ ti wọ ọkọ̀. Ó ní kí n má sọ fún yín láé."

Ìyá Gọ́tà gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tó jìn. Alága ló ní kí wọ́n gbé àwo náà kọ́ sí ọ́fíìsì òun, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ká lọ bẹ̀rẹ̀ ti òdìkejì odò. Ilé àkọ́kọ́ tí a kàn, ìyá arúgbó kan jókòó síta, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí àtẹ. Ó wo bàtà rọ́bà náà, ó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó wó ilé bàbá rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

Ọwọ́ ìyá náà kò kúrò nínú ìrẹsì. "Ẹni tí kò dá ilé bàbá rẹ̀ sí, kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí? Jókòó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí èyí."

Ìyá Gọ́tà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ náà mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣà á. Mo pa ọkọ̀.