Káàdì Méjì Lẹ́yìn Aṣọ

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Wòólẹ́ẹ̀mejì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kì í ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kankan fún ẹni tí kò bá tíì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. O fẹ́ o, o kọ̀ o. Àwọn tí ojú ń kán máa ń bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í pẹ́ tí wọ́n á fi gbé ohun tí wọ́n kánjú rà níbòmíràn wá kó bá wọn tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ẹ̀gbọ́n yìí fi wa bọ́ọ̀sì èrò kí àìsàn tó dé, tí àwọn dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. "O ṣé" nìkan ló kù, ìyẹn náà, bí ara rẹ̀ bá yá. Nígbà tí télọ̀ gbọ́ pé géèmù kan wà tí èèyàn fi ń wa bọ́ọ̀sì lójú kọ̀ǹpútà, ó ra ẹ̀rọ, ó ra sítíárìn àti bíréèkì, ó sì kó gbogbo wọn dání wá. Ó wá ku káàdì àwòrán, èyí tí kì í jẹ́ kí títì inú géèmù máa ta gìgì. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ohùn ẹ̀gbọ́n òun padà.

"Èyí tó tóbi jù ni kẹ́ ẹ fún mi," ló wí, ó nàka sí páálí dúdú. "Gbogbo ẹnu ni wọ́n fi ń yìn ín."

"Ẹnu kọ́ la fi ń wakọ̀, àǹtí." Wòólẹ́ẹ̀mejì fa páálí funfun yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, tí agbára rẹ̀ kò tó ti dúdú. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Bọ̀dá, ẹ jókòó."

Ó ta aṣọ síwájú àpótí ẹ̀rọ bíi kọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà àti sítíárìn nìkan ló hàn síta, ó sì ki káàdì kan bọ̀ ọ́. Àṣà rẹ̀ nìyẹn: oníbàárà kò gbọdọ̀ mọ èyí tó ń lò, kí orúkọ má baà tàn án jẹ.

Dúdú ló kọ́kọ́ lò. Àwòrán mọ́ roro, inú télọ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹná, ó gbéra. Kò tíì dé kọ́nà kejì tó fi wa bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró. Ó tún gbéra, ó tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ló bá ká ọwọ́ gbera, ó ń wolẹ̀. Télọ̀ rò pé ó ti parí nìyẹn, ó sì ń wo ibi tó gbé báàgì rẹ̀ sí.

Wòólẹ́ẹ̀mejì kò wo ojú kọ̀ǹpútà rárá. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, tó ń tẹ bíréèkì nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá pariwo, ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, kí lẹ gbọ́?"

Ọkùnrin náà tọ́ka sí ẹ̀yìn aṣọ. "Ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbóná. Ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni? Mi ò lè kó èrò sínú mọ́tò tó ń ké báyìí."

Télọ̀ gbójú sókè; ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí lẹ́nu rẹ̀. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí káàdì dúdú ló ń hó. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ì bá ṣàlàyé pé fáànù lásán ni, kó sì ta ọjà rẹ̀. Wòólẹ́ẹ̀mejì ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe." Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ. Ẹ bá mi kan sáárá sí obìnrin náà.

Ó fi funfun rọ́pò dúdú. Àwòrán tirẹ̀ kò mọ́ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n tẹná, ó tẹ́tí, ó mi orí pé ó dáa. Ó ya kọ́nà kìíní, ó ya èkejì, ó wa títì náà dópin. Ó rọra fi bọ́ọ̀sì sí ibùdókọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Láìwẹ̀yìn, ó fi ohùn tí télọ̀ ti mọ̀ láti kékeré ké jáde:

"A ti dé o! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ má gbàgbé ẹrù yín sínú mọ́tò!"

Télọ̀ bú sẹ́kún. Wòólẹ́ẹ̀mejì gbé báàgì télọ̀ nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹrù wa pé, dírẹ́bà," ló wí. "Ẹ ṣeun o."