Ọmọ Tí Mo Pọ̀n ní Gáríkì

Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó dá mi padà lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi ti bi mí, àbúrò mi obìnrin tó ń retí wa ní Ìsẹ́yìn ti bi mí, èmi náà sì ti bi ara mi.

Ohun tó dá mi lójú ni ìdí tí mo fi gbéra. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin tí mo bí lẹ́yìn tí ewú ti gba orí mi, kò gbọ́ Yorùbá. Idaw River ni a ń gbé, àdúgbò kan ní ìlú tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá; èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré. Èmi tí wọ́n ń pè láti sọ̀rọ̀ níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó àwọn ọmọ Yorùbá ìlú yìí, ọmọ mi ń kí mi láràárọ̀ bí ẹni ń kí olùkọ́ ilé ìwé. Mo pinnu pé kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi títí yóò fi gbọ́njú. Ìyàwó mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn ń ká aṣọ ọmọ náà sínú báàgì, ó ń kó o jáde, ó tún ń ká a.

Ní Gáríkì, ibùdókọ̀ kan nínú ìlú tí a ń gbé, ọkọ̀ Ìbàdàn kò tètè kún. Ọmọ náà dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fi Pijin sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó wolẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Obìnrin kan tó jókòó ti ẹrù rẹ̀, tó ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀, dìde wá bá wa. Ará ìhín ni, láti Amechi. N kò rí i rí. Ìró méjì ni ó ró, ọ̀kan lórí èkejì, bí àwọn ìyá ìhín ti ń ró o. Ó tú ti òkè, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ọmọ ti wà lẹ́yìn mi, ó sì ti so ìró náà pinpin sí mi láyà, lórí agbádá. Mo fẹ́ bínú, n kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Awakọ̀ wa, ọmọ Ọ̀yọ́, dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ìkókó."

Obìnrin náà béèrè ibi tí a ń lọ. Mo sọ fún un, mo sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, bí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn tó máa ń yìn mí sí i. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ni ó fi Pijin sọ ohun tí mo tún sọ níhìn-ín lédè wa:

"Èmi náà fi ọmọ tèmi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kánò, nítorí ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ dáadáa. Ọjọ́ tó padà wálé, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè jókòó."

Mo retí pé yóò gbà mí nímọ̀ràn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣàdúrà pé kí a dé ire. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ gbéra, mo fọwọ́ kan ìró náà pé kí ó gbà á; ó mi orí, ó tọ́ka sí ọmọ tó ti sùn, ó sì wọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ tiwa kún. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀, ẹ wọlé."

Ọwọ́ mi wà lórí kókó ìró náà. N kò mọ̀ bóyá n kò lè tú u ni, tàbí n kò fẹ́ tú u. Èémí ọmọ náà ń gbóná sí mi lọ́rùn. Mo ro ti Yorùbá tí kò gbọ́. Mo ro ti ọmọ Kánò tó ń tọrọ àyè ìjókòó nílé ìyá rẹ̀. Èyí kò borí ìyẹn. Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n já báàgì wa sílẹ̀, tí ọkọ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Ní ẹnu géètì wa, ọmọ náà jí. "Dádì, we don reach?"

Mo ní, "A ti dé." N kò ní kí ó tún un sọ ní Yorùbá.

Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ó wo ìró àjèjì tó wà láyà mi, ó béèrè bóyá ọkọ̀ ló fi wá sílẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó nawọ́ láti gba ọmọ. Ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́rùn, èmi náà kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.