Jọ́nà Tí Kò Nípò àti Kànga Wa

Òjò wẹliwẹli ló ń rọ̀ ní Ìgandó láàárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwa obìnrin àdúgbò wọ́de lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ omi. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé kí la rí gbà níbẹ̀, ẹ gbọ́.

Dókítà Ṣadé, olùkọ́ yunifásítì tó háyà ilé lọ́dọ̀ mi, ló yẹ omi àwọn kànga àdúgbò wa wò. Ó ní omi ṣalángá ti ń wọ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. A fẹ́ kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wá fún wa. Ọ̀gá tó jáde sí wa ní géètì wo ìwé ìwádìí Ṣadé tá a gbé lọ, ó mi orí.

"Ẹ má bínú, màmá. Jọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ò sí lára àwọn tó nípò."

Mo wo Ṣadé. Ó ní, "Ìwé tí àwa olùkọ́ ń tẹ ìwádìí wa sí ni, Mọ̀ọ́mì. Wọ́n máa ń tò wọ́n láti ipò kìíní dé ìsàlẹ̀."

Ìyá Ríṣí aránṣọ ní, "Ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí. Ọ̀gá, fìlà lẹ̀ ń wò yẹn."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àwọn jọ́nà kan wà, tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ohun tẹ́ ẹ bá gbé wá ni wọ́n á tẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ òótọ́?"

Ṣadé ò jiyàn. Ó ní ipò yẹn ń ran òun náà lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo ìwé tán. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ kànga Ìgandó ò jẹ àwọn tó wà lókè lógún, sà. Ẹ ka ohun tí mo ṣe."

Ọ̀gá náà kọjú sí mi. "Màmá, kànga yín wà lára àwọn tí wọ́n ní omi ṣalángá ń wọ̀ níbí. Ṣé ẹ ti tì í?"

Bàbá àwọn ọmọ mi ló gbẹ́ kànga yẹn, gbogbo àdúgbò ló sì ń pọnmi níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kànga mọ́ aládùúgbò, odì ló ń yàn.

Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á rán ẹni tó máa tún omi náà yẹ̀ wò. Ohun tá a rí gbà nìyẹn. Ẹni náà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti Ṣadé. Oṣù tá a fi dúró yẹn la pàdánù. Omi ẹ̀rọ ò tíì dé. Wọ́n ṣì jẹ wá ní gbèsè ìyẹn. Mi ò sọ pé ipò jọ́nà ò wúlò. Ó ń júwe ibi téèyàn lè kọ́kọ́ yà sí ni, kò ní kéèyàn má wo ibòmíì.

Ní ọjọ́ kejì ìwọ́de, mo ní kí wọ́n fi ìdérí onírin bo ẹnu kànga, mo fi àgádágodo tì í. Ìyá Ríṣí ló kọ́kọ́ gbé korobá dé.

"Mọ̀ọ́mì, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ṣadé ló ka ìwé ẹ̀ sí mi létí láàárọ̀ yìí, látìbẹ̀rẹ̀ dópin."