Ọbẹ̀ Bọ̀kọ́tọ̀ àti Ẹsẹ̀ Kíkẹ́

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, òórùn bọ̀kọ́tọ̀ ló jí mi. Ọmọ-ọmọ mi, Dámilọ́lá, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́, òun ló tètè dìde gbé ìkòkò kaná. Òórùn náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó bá mi lórí ibùsùn, kí n sì tó lajú tán, mo ti di ọmọdé padà ní Òkè-Ọ̀kà, mo ti ń wá ìdí ààrò Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, lọ.

Mo bá Dámi ní kíṣìnì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, kólájìn ni mò ń sè fún yín o."

Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ó dà bí okùn tín-ínrín tí ara fúnra rẹ̀ máa ń hun, òun ló so awọ, egungun àti iṣan wa pọ̀. Bí a bá ṣe ń dàgbà, ara á máa dẹwọ́ nínú híhun rẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí awọ hunjọ, kí orúnkún sì máa ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń ra ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú agolo báyìí, wọ́n ń pò ó mu. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó fa àpótí sún mọ́ mi, kí n sọ ìtàn ẹsẹ̀ Kíkẹ́ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ fa tiyín náà sún mọ́bí.

Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wa àti ilé àwọn Kíkẹ́. Ọjọ́ orí kan náà ni wá, kíláàsì kan náà la wà. Lórí àpáta ni wọ́n bí wa sí, bí ewúrẹ́ la ṣe ń gun òkè, tí a ń sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí Kíkẹ́ bá ń sáré, àfi bíi pé ilẹ̀ gbóná lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọmọkùnrin tó lè bá a ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn tó gbìyànjú sì máa ń sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò múra ni.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, a ń bọ̀ láti odò pẹ̀lú omi lórí. Àpáta ti ń yọ̀. Mo gbọ́ ìró garawa kí n tó rí i pé Kíkẹ́ ti ṣubú. Nígbà tí mo débẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú síbi tí ọrùn ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé màá lè sáré ní Ìkàrẹ́?"

Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Ìkàrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àtọdún tó kọjá ló ti ń fojú sọ́nà fún un.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Wọ́n to egungun náà, wọ́n fi símẹ́ǹtì funfun dì í. Egungun so dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ náà ti rù bí igi ìgbálẹ̀, awọ rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ìgbà yẹn gan-an ni Kíkẹ́ wá sunkún. Nọ́ọ̀sì tó tú u sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Egungun ti so, mà. Iṣan àti ẹran ara ló kù. Ẹ máa fún un ní ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ẹ má sì jẹ́ kí ọsàn wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kó máa sùn dáadáa, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀."

Ìyá Kíkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré sísá létí mi mọ́." Ẹ̀rù ló ń bà á. Kíkẹ́ nìkan ni ọmọ tó ní.

Oko wọn jìnnà, ìyá rẹ̀ kì í tètè dé. Yèyé bá sọ fún un pé, "Máa gbé ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi láàárọ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì wí la ó ṣe."

Báyìí ni ìgbà tó dùn jù nígbà èwe mi ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí Kíkẹ́ bá jẹ lèmi náà ń jẹ. Lọ́jọ́ ọjà, Yèyé á ra bọ̀kọ́tọ̀ àti egungun, á gbé e kaná láti ọ̀sán títí ìrọ̀lẹ́, á ju ata àti ẹ̀fọ́ ebòlò sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù á ti dì gbagidi. Èmi àti Kíkẹ́ á dojú abọ́ rẹ̀ kọ ilẹ̀, a ó máa wò ó bóyá á já bọ́. Kì í já bọ́. Yèyé á ní, "Ohun tó lè di ara rẹ̀ mú báyìí, ó lè di egungun mú." Ìgbín ń bẹ nígbà òjò, ẹyin ń bẹ lábẹ́ adìẹ, ọsàn àti gúáfà sì wà lẹ́yìnkùlé. Yèyé kì í jẹ́ ká dìde nídìí oúnjẹ láìjẹ èso.

Ó fi wá sábẹ́ òfin pẹ̀lú. Bí oòrùn bá mú gan-an, abẹ́ máńgòrò ni ká wà. Òrí la ó fi pa ara ká tó sùn, a sì gbọ́dọ̀ tètè sùn. Èyí tó le jù ni ṣúgà. Kíkẹ́ fẹ́ràn láti máa da ṣúgà sí gààrí títí tí gààrí á fi sọnù nínú rẹ̀, ni Yèyé bá gbé ṣúgà ilé pamọ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Èèrà rí i kí àwa tó rí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Yèyé jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn ìyá ìjọ ń yìn ín. Èmi àti Kíkẹ́ nìkan la mọ ohun tó ń ta á.

Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ, èmi àti ẹ̀ a ó rìn. A kọ́kọ́ ń rìn dé ìdí máńgòrò, ó di ẹsẹ̀ àpáta, ó wá di orí àpáta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dúró lókè níbẹ̀, a ń wo ọ̀nà Àkùngbá tó gba inú ìkuukùu lọ sí Ìkàrẹ́.  Kíkẹ́ kàn fò sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Mo sáré wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kò dùn mí," ó ní.

Kò pẹ́ tí tíṣà eré ìdárayá fi rí wa níbi tí a ti ń sáré bọ̀ láti orí òkè. Ó mú Kíkẹ́ fún eré ìje tí àwọn mẹ́rin ń gbé ọ̀pá fún ara wọn. Sí ìyàlẹ́nu mi, ó mú èmi náà. Èmi tí mo máa ń kẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ẹsẹ̀ Kíkẹ́ ti gba ẹsẹ̀ tèmi náà lọ.

Ìyá Kíkẹ́ wá sọ́dọ̀ Yèyé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Yèyé, bó bá tún ṣẹ́ ńkọ́?"

Yèyé ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ṣé a ó so ọmọ mọ́lẹ̀ ni? Jẹ́ kó sáré lójú ẹ, kó o tó sọ̀rọ̀."

Kíkẹ́ sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò, ó sáré padà. Ìyá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tó yá, ó ní, "Màá bá yín lọ."

Ìkàrẹ́ kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ Ugbè wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Òkè-Àgbè wà níbẹ̀, eruku ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ gbogbo wa di aláwọ̀ kan. Èmi ni mo sáré ṣìkẹta. Nígbà tí mo gba ọ̀pá, ẹni mẹ́ta ti wà níwájú wa. Mi ò rántí pé ilẹ̀ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo kọjá ẹnì kan, mo rí ọwọ́ Kíkẹ́ tó nà sẹ́yìn, mo fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, ó lọ. Ó kọjá ọmọ Ugbè. Ọmọ Ìkàrẹ́ nìkan ló kù níwájú rẹ̀, ìyá Kíkẹ́ sì ń sáré létí pápá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti já bọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ìkàrẹ́ fi díẹ̀ ṣáájú wa. Ipò kejì la mú. Ìyá Kíkẹ́ kò tilẹ̀ béèrè ipò tí a mú. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wo iṣu tó fẹ́ rà, ó wá ń rẹ́rìn-ín.

Dámi gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní bọ̀kọ́tọ̀ kì í gba ọ̀fun lọ tààrà sí orúnkún. Inú ló ń lọ̀ ọ́ kúnná, ara á wá fi èyí tó bá rí gbà nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà hun tirẹ̀, èso sì ní láti wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó yọrí. Mo ní ìyẹn dára. Yèyé darúgbó, ojú rẹ̀ hunjọ bí ti gbogbo àgbà, torí kò sí ọbẹ̀ tó ń dá ọjọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Nǹkan ti yí padà. Omi ẹ̀rọ ti dé ọ̀pọ̀ ilé, ọmọdé kì í sọ̀kalẹ̀ lọ sódò mọ́, fóònù kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè sùn. Kíkẹ́ ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti kó wá sí Ìkàrẹ́ níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa méjèèjì jọ ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan bọ̀ láti ọjà, ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ gùn ún, kí n gbé yín dókè. Ọ̀nà yìí le fún àgbàlagbà."

Kíkẹ́ wò ó, ó wo ọ̀kadà. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ. Máa lọ, a ó bá ẹ lókè."